Irun Florence Kí Òróró Tó Kàn Án

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, tí ẹ sì ń wá ẹni tí yóò bá yín tẹ̀wé, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn obìnrin tó ń kọrin ìsìn borí ariwo ẹ̀rọ fọ́tókópì, ibẹ̀ ni kí ẹ yà sí. Florence Ògúnbíyìí nìyẹn. Kì í ṣe oníbàárà ló ń fi orin yẹn pè o. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó lè máa bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ iṣẹ́ àṣekágbá lórí àìsàn adìẹ, kí ó máa fi ohùn òkè kọrin ní orí kìíní, kí ó bọ́ sí ohùn ìsàlẹ̀ bó bá dé orí kejì, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì máa mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ káfíńtà ni Florence. Láti Ìlaròó ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Okokomaiko nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti ẹrẹ̀, iṣẹ́ pákó ló sì ń ṣe títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìjọ aláṣọ funfun wọn ní Ìbà, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín sọ̀rọ̀ káfíńtà. Bàbá Akọrin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n da òróró lé lórí láti máa darí orin nínú ìjọ náà. Orí tí mo sì ń wí yìí, orí àràmàǹdà ni, nítorí irun ibẹ̀ kò dúdú. Búráùn ni, àwọ̀ pákó ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, Florence nìkan ló gbé irun náà wáyé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí àwọn àgbà ìjọ bá rí i, irun rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kí wọ́n tó dá a lóhùn ìkíni.

Bàbá Akọrin kú, ipò rẹ̀ sì ṣófo. Ẹni tó bá ṣáà ti ní ohùn díẹ̀ ni wọ́n ń tì síwájú, wọn kò sì da òróró olórí akọrin lé ẹnikẹ́ni lórí. Florence ń kọrin, ó ń wò wọ́n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní kò sọ fún Níyì ọkọ rẹ̀, pé ohun kan tó wu òun jù láyé yìí ni kí òun dúró síbi tí bàbá òun ti dúró, kí òróró náà sì kan irun kan náà. Ó rò pé ó ti pẹ́ jù. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, Praise ọmọ rẹ̀ sì ti wọ yunifásítì. Àfi bí wọ́n ṣe ka orúkọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tí orúkọ rẹ̀ jáde pé òun ni wọ́n máa da òróró lé lórí lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Florence kò rìn délé lọ́jọ́ náà. Ijó ló jó láti Ìbà dé Okokomaiko, sùtánà funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀, tí àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè kí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nítorí ayọ̀ tó yẹ kó dúró sí ẹsẹ̀ gùn ún dé orí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan wá ṣe fọ́tókópì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irun ọmọ náà ń dán bíi góòlù. Florence wò ó títí, ó ní adé gan-an nìyí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè, ṣé kò yẹ kó dé adé ni? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ra páúdà blíìṣì tó ń bó àwọ̀ irun, ó ti ra omi tí wọ́n fi ń pò ó, ó ti pò wọ́n pọ̀ nínú abọ́ ike nílé, ó sì ti fi gbogbo rẹ̀ kun orí. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí o, pé kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí. Florence kà á. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun ti ń dúró dè é, kí òun kúkú dán ohùn wò díẹ̀. Ó mú ìwé orin, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ìgbà tí orí ń ta á bí ata ló tó rántí pé òun ní nǹkan lórí, ó sì ti dé àwọn orin Kérésìmesì nígbà náà.

Ohun tó kù lórí rẹ̀ nígbà tó fọ̀ ọ́ tán kì í ṣe góòlù. Àwọ̀ gàrí elépo ni. Bí ó bá tutù, á máa nà bíi rọ́bà. Bí ó bá gbẹ, á máa kán. Níyì, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó rí i, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Màmá Praise," ó ní, "ta ló gbé orí ẹ lọ?"

"Bàbá Praise, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Màá kúkú fá a kanlẹ̀."

Níyì kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Fá kí ni? Obìnrin tó bá fárí nílé wa, ọkọ ẹ̀ ló kú. Ṣé kí àwọn aládùúgbò wá máa bá ẹ kẹ́dùn, kí èmi náà jókòó síbí kí n máa jẹ ẹ̀bà?" Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì ń mí. "Mo ṣì wà láyé o. Bó bá ṣe wù ẹ́ ni kó o ṣe é, má ṣáà fá a."

Nígbà tí kò lè fá a, ó dé fìlà mọ́ ọn. Fìlà funfun ni àwọn obìnrin ìjọ wọn ń dé, irun kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí náà Florence rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n níbi ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, bó ṣe ń jó, irun díẹ̀ yọ jáde létí rẹ̀, Ìyá Ìjọ sì rí i. Ìyá Ìjọ yìí, màmá àgbàlagbà tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, òun ló tọ́ gbogbo obìnrin ìjọ náà sọ́nà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ ìwọ̀nba irun tó máa ń yọ lábẹ́ fìlà tirẹ̀ dúdú kirikiri. Wọ́n ní ààwẹ̀ tó ń gbà ni kò jẹ́ kó hewú.

"Florence, kí ni mò ń wò yìí?"

"Irun ni, Màmá."

"Irun ta ni?"

Ìyá Ìjọ fi ìka kan ti irun náà padà sábẹ́ fìlà.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni màá ṣí fìlà lórí ẹ níwájú ìjọ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irun tí Ọlọ́run fi rán ẹ wáyé, tí bàbá ẹ gbé fún ẹ, òun ni òróró máa bà lé. Bí mo bá ṣí i tí mo tún bá èyí níbẹ̀, màá dá fìlà ẹ padà fún ẹ, wàá sì lọ jókòó."

Florence kò dúró gbọ́ àdúrà ìparí. Ó ra dáì búráùn, ó kùn ún nílé lọ́jọ́ kejì, lọ́tẹ̀ yìí kò sì kọrin kankan. Ó tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ó fọ̀ ọ́, ó wo dígí. Àwọ̀ ewé. Kì í tiẹ̀ ṣe ewé tútù, ẹ̀fọ́ àná ni. Praise sá wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ojúlé kejì. Florence fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé dé tán. Bí wọ́n bá ní kó lọ jókòó lọ́tẹ̀ yìí, ta ló tún máa pe orúkọ rẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló tó lọ bá Àdìjá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Florence gan-an ni Àdìjá ti ń ṣe irun. Ẹ ó gba ààrin àwọn jẹnẹrétọ̀ kọjá, ẹ ó gbé kọ́tìnnì sókè, ẹ ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó ti lọ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun náà ló máa ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló nílò onídìrí nígbà tí ọwọ́ ẹni wà lára ẹni.

"Àǹtí mi, ẹ jókòó," Àdìjá wí. "Kì í ṣe orí ìyẹn o."

Ó ti pẹ́ jù. Àga náà ti ju Florence sílẹ̀. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tàárín kò sì dáa; gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló máa ń ṣubú lórí rẹ̀. Àdìjá fà á dìde, ó sì tú gèlè orí rẹ̀. Ó fa irun kan, irun náà bá a lọ.

"Àǹtí mi, kí lẹ fi jà pẹ̀lú orí yín?"

"Àdìjá, má bi mí. Búráùn ni mo fẹ́. Ọ̀la ni."

"Ẹ gbọ́. Inú irun búráùn, pupa máa ń wà níbẹ̀. Blíìṣì yín ti fọ pupa yẹn dànù pátápátá, ẹ wá lọ da búráùn lé òfìfo. Kò sí bí kò ṣe ní di ewé. A máa kọ́kọ́ dá pupa padà, ká tó gbé búráùn lé e lórí."

"Pupa báwo?"

"Pupa fòò."

Florence dìde. "O mọ ìjọ wa, Àdìjá. A kì í wọ pupa. Ike pupa lásán, a kì í gbé e wọ ọgbà. Ìwọ wá fẹ́ kí n gbé e sórí nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa da òróró lé mi?"

"Ó kàn máa gba ibẹ̀ kọjá ni, kò ní sùn síbẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ gbé ewé lọ bá wọn?"

Florence jókòó padà.

Àdìjá gé gbogbo ẹnu irun tó ti kú. Ó fi ìpara rírọ̀ pa ìyókù, ó ní kò gbọ́dọ̀ rí iná díráyà rárá, nítorí ó ti jóná tó. Lẹ́yìn náà ló pò pupa, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Nígbà tó mú dígí wá, Florence pariwo, ó pa ojú dé, ó là á, ó tún wò ó. Ká sọ òótọ́, ó wù ú. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń ṣe yàngà bí ìyàwó tuntun. Gbogbo ayé rẹ̀ ni kò tíì fi pupa kan ara, òun rèé pẹ̀lú orí tó pupa ju ata rodo lọ. Ẹ̀rín gbé e, Àdìjá náà bá a rẹ́rìn-ín, títí Àdìjá fi yí páìpù orí garawa láti fi fọ̀ ọ́, tí kò sì sí omi níbẹ̀. Wọ́n pe Sùlè mẹ́ruwà lórí fóònù. Sùlè ní òun ń bọ̀, òun ti dé tán, òun wà ní ẹnu géètì yunifásítì. Ẹni tó bá mọ Sùlè mọ̀ pé kò tíì kúrò níbi tó ti ń pọn omi.

Bí wọ́n ṣe ń dúró de Sùlè ni wọ́n gbọ́ ohùn kan níta.

"Florence dà? Wọ́n ní kò sí ní ṣọ́ọ̀bù."

Ìyá Ìjọ ni. Ó wá gba ìwé ètò ìsìn tí Florence bá wọn tẹ̀. Florence já táwẹ́lì kan gbà lọ́wọ́ Àdìjá, ó fi wé orí, kọ́tìnnì sì gbéra sókè. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba débi pé iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Dìde, ọmọ mi."

"Mo wà dáadáa báyìí, Màmá."

Dáì pupa kan ti ń ṣàn bọ̀ láti abẹ́ táwẹ́lì, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ dé ètè. Kò lè nù ún, kò lè gbójú sókè. Ìyá Ìjọ fo àga àárín, ó jókòó sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì gbàdúrà gígùn lórí ọmọbìnrin tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó báyìí nítorí iṣẹ́ Olúwa. Florence ń ṣe àmín sínú ilẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín ni, Ìyá Ìjọ sì rò pé Ẹ̀mí ni. Àdìjá lọ bá a kó ìwé náà wá láti ṣọ́ọ̀bù iwájú, màmá náà sì lọ láìwo ẹ̀yìn.

Sùlè dé níkẹyìn. Wọ́n fi omi tútù ṣan pupa náà, Àdìjá gbé búráùn lé e. Nígbà tó fọ ìyẹn náà tán, tó fi táwẹ́lì tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ó yí Florence sí dígí. Florence kò rẹ́rìn-ín. Irun náà kúrú, kò nípọn mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìrókò ni. Ó rí bàbá rẹ̀ nínú dígí. Ó rí i gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá bọ́ fìlà lẹ́yìn ìsìn, tó ń nu òógùn, tó ń bi í pé ṣé orin òní dùn. Àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an, ó sì sunkún níbẹ̀ láìpa á mọ́ra.

"Ẹ ṣáà má jẹ́ kí omi kàn án," Àdìjá wí. "Irun yín ti di kànrìnkàn. Bó ṣe ń mu àwọ̀ yẹn ló ṣe máa tú u jáde. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó rí omi."

"Omi wo? Òróró ni wọ́n máa dà sí i."

"Òróró ò burú."

Florence lọ sílé, ó ń kọrin. Àdìjá, Mùsùlùmí ni, kò mọ ètò ìjọ wọn. Ṣùgbọ́n Florence tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bí sínú rẹ̀, tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yan ọmọ tó ń gbé abọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí pé kí òróró tó kan orí ẹnikẹ́ni ní ìjọ wọn, omi àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi, ilé ìsìn kún. Níyì wà níbẹ̀ nínú funfun, Praise jókòó tì í. Florence kúnlẹ̀ síbi tí bàbá rẹ̀ ti kúnlẹ̀. Ìyá Ìjọ ṣí fìlà rẹ̀, ó wo irun náà, ó fọwọ́ kàn án gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ìgbà náà ti máa ń ṣe, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Inú Florence dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ìgbà náà ló gbójú sókè, tó rí abọ́ omi lọ́wọ́ ọmọ akọrin tí òun fúnra rẹ̀ yàn.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́ wá dákẹ́. Omi náà tutù. Ó gba àárín orí rẹ̀, ó gba ọrùn, ó gba èjìká. Búráùn ló kọ́kọ́ ṣàn. Lẹ́yìn náà ni pupa tó wà nísàlẹ̀ tẹ̀lé e, lórí sùtánà tó funfun nini, níwájú gbogbo ìjọ tí kì í gbé ike pupa wọ ọgbà. Florence di ojú, ó ń retí fìlà rẹ̀. Ó ń rò ó pé òun á dìde, òun á rìn lọ sí àga ẹ̀yìn, òun kò sì ní kọrin mọ́ láyé.

Ó gbọ́ èémí Ìyá Ìjọ létí rẹ̀. Màmá náà ti fi ìka kan omi tó ń ṣàn, ó ti gbé ìka náà sí imú.

"Ṣé Àdìjá ò sọ fún ẹ pé kí omi má kàn án ni?" ó bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó sọ, Màmá."

"Èmi náà, gbogbo ìgbà tó bá parí tèmi ló ń sọ ọ́. Mi ò kì í jẹ́ kí òjò bá mi níta."

Florence la ojú. Ojú Ìyá Ìjọ wà nítòsí rẹ̀, irun dúdú kirikiri náà sì yọ díẹ̀ lábẹ́ fìlà. Florence rántí àga àárín tí Ìyá Ìjọ fò lánàá. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ tí kì í ṣubú.

Ìyá Ìjọ tún fìlà ara rẹ̀ ṣe, ó fà á wálẹ̀ dáadáa. Ó bọ́ ìborùn funfun èjìká rẹ̀, ó fi bo èjìká Florence, ó sì nàró kọjú sí ìjọ.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ó bi wọ́n. "Bàbá ẹ̀ náà, gbogbo wa la mọ àwọ̀ irun ẹ̀. Ẹ gbé òróró wá."

Òróró náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rọra wọ inú irun tó rẹ̀ náà, kò sì gbé àwọ̀ kankan jáde. Ọwọ́ Ìyá Ìjọ tó fi ń pa á gbọ̀n díẹ̀, ẹ̀rín ni, Florence mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí wọ́n ní kí olórí akọrin tuntun gbé orin àkọ́kọ́, ó gbé e ga ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀rín gé e ní ìlà kejì, ẹgbẹ́ akọrin sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ dé ìparí tọkàntọkàn, èmi kò sì rò pé orin kan ti dùn bẹ́ẹ̀ ní Ìbà láti ayé Bàbá Akọrin.

Lọ́jọ́ Ajé, Níyì rí sùtánà náà lórí okùn. Ipa búráùn àti pupa ṣì wà lára rẹ̀ láti ọrùn dé èjìká. Ó ní òun mọ ohun tó máa fọ̀ ọ́ funfun báláú, kí Florence jẹ́ kí òun ra blíìṣì bọ̀ láti ìsọ̀ iwájú.

"Bàbá Praise," Florence wí, ó ń ká sùtánà náà sí àyà rẹ̀, "blíìṣì ò tún ní wọ ilé yìí mọ́."